Ẹ Fi Ibòji Gba Lẹ́túùsì Lọ́wọ́ Oòrùn

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá àkùrọ̀ n'Ìbàdàn, àti ẹ̀yin tí ẹ gbin ẹ̀fọ́ díẹ̀ sẹ́yìnkùlé, lẹ́túùsì kì í ṣe ẹbí tẹ̀tẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ fẹ́ràn oòrùn. Àsìkò tútù ni ti lẹ́túùsì. Bí ọyẹ́ bá ti lọ, tí ooru ọ̀sán oṣù Kejì ń kọjá 33°C, ìyà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ nìyẹn.

Ẹ máa wo àárín rẹ̀. Bí igi ibẹ̀ bá ń nà sókè bí ìka ọwọ́, tí ewé ń jìnnà síra, ó ti fẹ́ yọ òdòdó. Ẹ já ewé kan: oje funfun bíi wàrà á sun jáde. Ẹ tọ́ ọ wò, ó ti ń korò. Kò sí omi tí yóò dá adùn rẹ̀ padà, ẹ yáa tètè ká èyí tó kù.

Nítorí náà, kó tó débẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe ibòji. Ẹ ri ọ̀pá mọ́lẹ̀, kí ẹ tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ lé e, kó ga tó mítà 1, kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ má tẹ́ ẹ dí pa, ewé ṣì nílò ìmọ́lẹ̀. Apá ìwọ̀-oòrùn ló yẹ kí ẹ bò jù, torí oòrùn ọ̀sán ló ń pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo ọ̀rá. Lọ́dún kan mo fi tapólì bo bẹ́ẹ̀dì méjì. Ooru há sábẹ́ rẹ̀, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, gbogbo rẹ̀ ti rọ bí ẹ̀fọ́ tí a da omi gbígbóná lé. Ó dùn mí wọra.

Ẹ kó koríko gbígbẹ sídìí rẹ̀, kó nípọn tó ìka mẹ́ta, ṣùgbọ́n kó má kan igi rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn, ẹ bomi rin ín láàárọ̀ kùtù àti nírọ̀lẹ́.

Bí ooru bá kọjá 30°C, hóró rẹ̀ a máa sùn sínú ilẹ̀. Ẹ fi aṣọ tútù wé e, kí ẹ fi sí ìsàlẹ̀ fíríìjì fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹ tó gbìn ín. Ẹ má bò ó jìn, ìmọ́lẹ̀ ló ń jí i. Ẹ lè béèrè irúgbìn tó ń fara da ooru ní NIHORT, ilé-iṣẹ́ ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́ tó wà ní Ìdí-Ìṣin, Jẹ́ríkò, láti 1975.

Tí oṣù Kejì bá ti dá sí méjì, ẹ má gbin òmíràn mọ́. Ẹ fún tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú ní bẹ́ẹ̀dì yẹn.