Ojú ẹ̀yìn ìbọn afẹ́fẹ́ tó ń mì: ìbéèrè àbúrò mi àti ìdáhùn mi

Ìsàlẹ̀ Èkó ni àbúrò mi yìí ń gbé. Oko àgbàdo tí òun àti ìyàwó rẹ̀ dá sí Ẹ̀pẹ́ ló ń lọ lópin ọ̀sẹ̀, ẹ̀gà ò sì jẹ́ kí wọ́n gbádùn ibẹ̀. Ó ní ìbọn afẹ́fẹ́ kan, èyí tí a máa ń dá ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀ ká tó ki ọta sí i, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Yaba ni mo wà tó fi ń bi mí léèrè.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìbọn mi ò lọ síbi tí mo bá fojú sí mọ́. Mo yin ọta márùn-ún sí páálí Indomie láti mítà 10, kò sí méjì tó sún mọ́ra. Irin kékeré tó ní kòtò lórí, èyí tó wà lápá ẹ̀yìn tí a fi ń wọn ojú, ń mì. Ṣé òun ló fà á?

Ó ṣeé ṣe dáadáa. Má fojú kékeré wo mímì yẹn. Láti ojú ẹ̀yìn dé ojú iwájú lára irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lè tó 40 sẹ̀ǹtímítà. Bí ojú ẹ̀yìn bá yẹ̀ ní mìlímítà 1 péré, ọta á ti yẹ̀ ní mìlímítà 25 kó tó dé mítà 10. Ní mítà 20, ó ti di 50. Ewé àgbàdo lo máa yìn, ẹ̀gà á sì máa jẹun lọ.

Àmọ́ kí o tó fọwọ́ kan síkírù kankan, rí i dájú pé kò sí ọta nínú ìbọn. Kọjú ẹnu rẹ̀ sí àpò yanrìn, ṣí ọ̀pá náà díẹ̀, má fà á dópin kí súpíríǹgì má baà há, kí o wá fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò náà. Mo bẹ̀ ọ́, má fọwọ́ kan ibi tí ìka ń fà nígbà tí ọ̀pá bá wà ní ṣíṣí. Súpíríǹgì tó bá há máa ń gbá ọ̀pá yẹn padà wuu, ó sì lè gé ìka.

Tó o bá ti rí i pé òfìfo ni, gbé e lé aṣọ ìnura. Fi àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá di irin náà mú, fi èékánná ọwọ́ kejì kan ojú ibi tó ti pàdé ọ̀pá, kí o wá tì í sọ́tùn-ún sósì. Bí èékánná rẹ bá gbọ́ mímì yẹn, síkírù ìsàlẹ̀ ló tú. Bí ìsàlẹ̀ bá dúró, tó jẹ́ pé pẹlẹbẹ tó ní kòtò nìkan ló ń jó, ibi tí a ti ń yí i sókè-sódò ló ní wàhálà. Wo àwọn síkírù tó de igi ìbọn mọ́ irin ìbọn fúnra rẹ̀, méjì níwájú, òmíràn nítòsí ibi tí ìka ń fà. Ọ̀pọ̀ ìgbà làwọn yẹn ń tú tí a sì ń bá ojú ìbọn wí.

Síkírù ìsàlẹ̀ ni. Mo mú un le, ọjọ́ kejì ló tún tú. Ṣé kí n fi súpágúlúù sí i?

Rárá o! Tó o bá fẹ́ tú u lọ́la ńkọ́? Ohun tó ń tú u ni pé súpíríǹgì inú ìbọn afẹ́fẹ́ máa ń ta sẹ́yìn, ó sì tún ń ta síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń gbọn gbogbo ara rẹ̀ jìgìjìgì. Bí òróró bá tún wà nínú ihò síkírù, ó parí.

Kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù fa ìlà kan tó gba ara irin náà kọjá sí ara ọ̀pá, kí o lè mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Tú síkírù méjèèjì tó wà nísàlẹ̀ ojú ẹ̀yìn. Fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ àti sípíríìtì díẹ̀ fọ ojú wọn àti inú ihò, jẹ́ kó gbẹ. Wá Loctite tó jẹ́ búlúù, ìyẹn gúlúù síkírù tó ṣì ṣeé tú. Má wo àwọ̀ ìgò, torí ìgò pupa ni wọ́n sábà máa ń rọ èyí tó jẹ́ búlúù sí. Omi inú rẹ̀ ni kí o wò. Èyí tí omi rẹ̀ pupa le jù, iná ni wọ́n fi ń yọ ọ́. Ẹ̀kán kan tó kéré bí orí pínnì ti tó. Bí ìsàlẹ̀ ojú ìbọn rẹ bá jẹ́ rọ́bà líle, má lò ó rárá, ó lè mú kó sán.

Síkírúdíráfà tó bá kòtò orí síkírù mu rẹ́gí ni kí o lò. Mú ọ̀kan le díẹ̀, mú èkejì le díẹ̀, ìka méjì ti tó láti yí i. Fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Tí o kò bá rí Loctite, fi kútẹ́ẹ̀sì ìyàwó rẹ kùn etí orí síkírù. Mo ti ṣe é rí, ó sì dúró fún oṣù mélòó kan.

Ọ̀kan ń yí lófo.

Ojú ihò ti jẹ nìyẹn, tàbí ti síkírù fúnra rẹ̀. Mú síkírù náà dání lọ bá àwọn tó ń tà á, kí ẹ fi wé tuntun. Bí tuntun náà bá ń yí lófo, dúró níbẹ̀. Má gbé ìbọn lọ bá wẹ́dà, má sì lu ihò tuntun. Béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó ń mójú tó ìwé àṣẹ rẹ ibi tí òfin gbà kí wọ́n ti tún un ṣe.

Ọ̀rẹ́ mi ní bákan náà ni ti ìbọn ìléwọ́.

Kì í ṣe bákan náà. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn tí a dè. Ìbọn afẹ́fẹ́ wà lára èyí tí ọlọ́pàá lè fún èèyàn láṣẹ rẹ̀. Ní ilẹ̀ tí wọ́n ti gbà á, ọ̀pọ̀ ojú ẹ̀yìn ìbọn ìléwọ́ kò tilẹ̀ ní síkírù ìsàlẹ̀. Inú kòtò tó fẹ̀ nísàlẹ̀ ju òkè lọ ni wọ́n ti í wọ̀ ṣinṣin, irinṣẹ́ pàtàkì sì ni wọ́n fi ń tì í. Kò kàn wá.

Ó ti dúró. Báwo ni mo ṣe máa dá ojú rẹ̀ padà?

Ìlà pẹ́ńsù yẹn lo máa kọ́kọ́ bá dọ́gba. Yin ọta márùn-ún sí páálí kí o tó yí ohunkóhun, kí o wo àárín gbogbo wọn. Ibi tí o bá fẹ́ kí ọta lọ ni kí o yí ojú ẹ̀yìn sí: ọta ń já sósì, yí i sọ́tùn-ún, ó ń já sísàlẹ̀, gbé e sókè. Má yin òfo láti dán an wò, ó ń ba rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́. Fọ ọwọ́ rẹ lẹ́yìn rẹ̀, òjé ni ọta yẹn. Nígbà tó o bá ti yin bí 50, tún wo ìlà pẹ́ńsù náà.