Bí mo ṣe tọpa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ tí wọn kì í padà wá

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Maryland, ọ́fíìsì tiwa ló ń bójú tó dátà. Ohunkóhun tí ilé-ẹ̀kọ́ bá kọ sílẹ̀ nípa akẹ́kọ̀ọ́, láti ọjọ́ tó gba fọ́ọ̀mù títí dọjọ́ tó gbàwé ẹ̀rí, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi kò ṣòro láti sọ: àwọn tó wọlé ní oṣù kẹjọ, kí ló dé tí a kì í rí ọ̀pọ̀ wọn mọ́ kí oṣù kẹjọ mìíràn tó dé? Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe ṣe é, torí irú kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó dé Amẹ́ríkà ń gbà bọ́ sídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá.

Àwọn wo ni kí n kà? Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì gbà mí lákòókò jù. Ìṣirò àwọn tó gbàwé ẹ̀rí, èyí tí òfin ọdún 1990 sọ di dandan tí a sì ń fi ránṣẹ́ lọ́dọọdún sí IPEDS, ibi tí ìjọba àpapọ̀ ti ń kó dátà àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga jọ, kìkì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí wọ́n sì ń ṣe fúú-táìmù, ló ń kà. Ó ń wo iye tó parí láàárín ọdún mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ pátì-táìmù ni èyí tó pọ̀ jù nínú akẹ́kọ̀ọ́ irú kọ́lẹ́ẹ̀jì wa jákèjádò Amẹ́ríkà. Ìyá ọlọ́mọ tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tó ń mú kọ́ọ̀sì méjì ní sẹ̀mẹ́sítà, kò sí nínú ìṣirò yẹn rárá. IPEDS ti fi òmíràn kún un tó ń ka irú wọn, tó sì ń tọpa wọn fún ọdún mẹ́jọ, àmọ́ ọdún mẹ́jọ ti pẹ́ jù fún ẹni tó fẹ́ ran ẹni tó wà ní kíláàsì lónìí lọ́wọ́.

Mo bá kó gbogbo ẹni tó wọlé ní oṣù kẹjọ yẹn, àti fúú-táìmù àti pátì-táìmù. Àwọn ọmọ girama tó ń wá mú kọ́ọ̀sì kan tàbí méjì lọ́dọ̀ wa nìkan ni mo yọ, torí kò sí lọ́kàn wọn láti dúró. Bí mo bá fi wọ́n sí i, wọ́n á dà bí ẹni tó pa ẹ̀kọ́ tì.

Mo to gbogbo rẹ̀ sórí Excel, akẹ́kọ̀ọ́ kan sí ìlà kan, sẹ̀mẹ́sítà kan sí òpó kan: ó wà, kò sí, ó wà. Bí mo ṣe ń wò ó látòkè délẹ̀, mo rí i pé wọn kì í lọ ní díẹ̀díẹ̀. Ojú ibì kan ni èyí tó pọ̀ jù ti ń já: láàárín oṣù kejìlá tí wọ́n ṣèdánwò àkọ́kọ́ àti oṣù kìíní tó yẹ kí wọ́n padà.

Kí n tó sọ pé ẹnì kan sọnù, ó yẹ kí n mọ̀ bóyá ó wà níbòmíràn. A fi orúkọ àti ọjọ́ ìbí wọn ránṣẹ́ sí National Student Clearinghouse, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì káàkiri Amẹ́ríkà ń fi àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wọn ránṣẹ́ sí. Èsì fi hàn pé àwọn kan ti wà ní yunifásítì. Inú mi dùn sí ìyẹn, mo sì yọ àwọn náà kúrò.

Àwọn tó ṣẹ́kù kò sí níbikíbi. Gbogbo ènìyàn ló sì ti gbà pé kọ́ọ̀sì ìṣirò (maths) ló lé wọn. Olùkọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, olùdámọ̀ràn ní bẹ́ẹ̀ ni. Lóòótọ́ kọ́ọ̀sì ìṣirò ń dá ọ̀pọ̀ dúró, kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa tí kò mọ̀. Àmọ́ nígbà tí mo pín wọn gẹ́gẹ́ bí máàkì wọn, apá tó pọ̀ ló ní GPA (ìpíndọ́gba máàkì lórí òṣùwọ̀n 4.0) tó ju 2.0 lọ. Àwọn kan gba A. Wọ́n yege tán, wọ́n sì lọ.

Mo bá bẹ ọ́fíìsì rẹ́jísítírà pé kí wọ́n fún mi ní àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n fi hold sórí àkáǹtì wọn. Ẹni tí hold bá wà lórí rẹ̀ kò lè forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì kankan. Mo so ó mọ́ tèmi, ohun tí mo ń wá sì yọjú: gbèsè. Kì í sì í ṣe gbèsè ńlá. Ìwé láíbírì tí wọn ò dá padà, owó ìtanràn pákìǹgì, ṣẹ́kù owó ilé-ẹ̀kọ́ tí kò tó nǹkan.

Èyí tó dùn mí jù wà láàárín àwọn tí kò parí sẹ̀mẹ́sítà. Bí ẹni tó ń gba Pell Grant, owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó lọ́wọ́, bá pa gbogbo kọ́ọ̀sì rẹ̀ tì kí sẹ̀mẹ́sítà tó kọjá ìdá 60 nínú 100, òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n dá apá kan owó náà padà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì á dá ìpín tirẹ̀ padà, á sì kọ ọ́ sọ́rùn akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ ṣàìsàn ní oṣù kẹwàá, ìyá jókòó tì í, ó di oṣù kìíní, ìyá ti di onígbèsè.

Dátà kò lè sọ ohun tó wà nínú ẹni, a bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Mo rí orúkọ Yorùbá kan lórí àkọsílẹ̀, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí èmi pe ìyẹn.

"Ẹ káàsán mà. Láti kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo ti ń pè yín."

"Ah, ọmọ Yorùbá ni ẹ́? Káàsán o, àbúrò. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí mà. Mo rí i pé ẹ gba A nínú Anatomy, mo wá ń bi ara mi pé kí ló dé tẹ́ ẹ ò padà wá."

"Ṣé wọn ò lé mi ni? Gbogbo kọ́ọ̀sì tí mo bá tẹ̀, kọ̀ǹpútà á ní rárá. Mo ní kò burú, wọ́n ti lé mi nìyẹn."

Ìwé láíbírì kan ni. Owó rẹ̀ kò tó owó epo ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo lọ wo ojú ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rí tí hold bá wà: lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà, tí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì nìkan mọ ìtumọ̀ wọn. Kò sọ iye owó, kò sọ ọ́fíìsì tí wọ́n á lọ, kò sí nọ́ńbà fóònù.

Nígbà tí mo gbé e lọ sípàdé, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, mo sì bo nọ́ńbà àwùjọ tí kò tó ènìyàn mẹ́wàá, kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Òfin FERPA ti ọdún 1974 kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú àṣírí akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọ́fíìsì ìnáwó ní gbèsè ni gbèsè ń jẹ́, owó ará ìlú sì ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo fi hàn wọ́n pé owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹni tó bá padà máa san fi ìlọ́po ju gbèsè rẹ̀ lọ. Mo tún mẹ́nu ba ètò ASAP tí CUNY, yunifásítì ìjọba ní ìlú New York, bẹ̀rẹ̀ ní 2007 láti ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ kí wọ́n lè parí: olùdámọ̀ràn tí ènìyàn kò pọ̀ jù lọ́rùn rẹ̀, ìrànwọ́ owó ìwé, káàdì ọkọ̀. MDRC, àjọ kan tó ń ṣèwádìí bóyá irú ètò bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, fi ìbò pín akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀nà méjì láti dán an wò. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 40 nínú 100 lára àwọn tó wà nínú ètò náà ti gbàwé ẹ̀rí. Nínú àwọn tí kò sí níbẹ̀, 22 ni. Ẹni tó bá rò pé owó ọkọ̀ kò lè dá ẹnikẹ́ni dúró, kó wo ìyẹn.

Wọ́n gbà pé gbèsè kékeré kò gbọdọ̀ dí ìforúkọsílẹ̀ mọ́. Ojú ìwé yẹn náà ti yí padà, ó ń sọ iye owó àti ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ máa pè. Èmi ń yọ orúkọ àwọn tí hold wà lórí wọn jáde kí ìforúkọsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn olùdámọ̀ràn ló sì ń pè wọ́n. Irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí tó padà ní oṣù kìíní tó tẹ̀ lé e pọ̀ ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Mi ò sọ pé hold nìkan ló fà á, torí olùdámọ̀ràn tó pè wọ́n náà ṣe bẹbẹ.

Ohun tó wà níwájú mi báyìí ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán. Mo ń fi táìmù-tébù wé kọ́ọ̀sì tí ẹni tó fẹ́ wọ nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ mú, mo sì ti rí i pé ọ̀sán nìkan ni lábù kẹ́mísírì wà. Mo ti kọ̀wé sí olórí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì nípa rẹ̀, a sì máa jókòó lé e lórí kí táìmù-tébù tuntun tó jáde.