Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Fífi Ẹ̀jẹ̀ Yẹ Jẹjẹrẹ Wò

Láti Kubwa dé Nyanya ní Àbújá, ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará wa ni pé ẹni tó ní kókó lára kò nílò kí wọ́n gé e wò mọ́, pé liquid biopsy, ìyẹn fífi ẹ̀jẹ̀ yẹ jẹjẹrẹ wò, ti dé. Ẹ̀rù abẹ ló ń bà wọ́n. Wọ́n ní bí irin bá ti kan jẹjẹrẹ, ńṣe ló máa ń tàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á gbọ́. Oṣù tí a fi ń sá fún dókítà ló ń fún un láyè.

Ègé DNA tí kókó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni àyẹ̀wò yìí ń wá. Wọn kì í pọ̀, wọn kì í sì í pẹ́: láàárín nǹkan bíi wákàtí 2, ìdajì wọn ti lọ. Kókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè má tú èyí tó ṣeé rí. Ti inú ọpọlọ tún ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí èsì bá ní wọn kò rí nǹkan, ẹ má tíì máa dúpẹ́ pé ó ti tán. Nígbà tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí èyí tó ń fi ẹ̀jẹ̀ wá àyípadà nínú EGFR (ọ̀kan lára àwọn apilẹ̀ àbùdá tó ń mú sẹ́ẹ̀lì dàgbà) nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ní ọdún 2016, ohun tí wọ́n sọ ni pé bí ẹ̀jẹ̀ kò bá fi nǹkan hàn, kí wọ́n lọ yẹ ẹran ara wò.

Ibi tó ń dùn mí jù ni ìgò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò EDTA (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) olómorí elésè àlùkò, wọ́n á gbé e sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ nínú ooru oṣù kẹta Àbújá. Sẹ́ẹ̀lì funfun á bẹ́, DNA tiwọn á tú jáde, á bo ti kókó mọ́lẹ̀ bí omi tí wọ́n bù lé ọbẹ̀. Láàárín bíi wákàtí 4 sí 6, ó yẹ kí láàbù ti fi ẹ̀rọ yí ẹ̀jẹ̀ EDTA, kí wọ́n yọ omi orí rẹ̀ sọ́tọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá máa wọ bàálù lọ sókè òkun, ìgò tó ní oògùn ìpamọ́ ló yẹ. Ti ilé iṣẹ́ Streck lè pa á mọ́ fún ọjọ́ 14, bí ooru ibẹ̀ bá wà láàárín 6 sí 37°C. Wọ́n á dorí rẹ̀ kodò jẹ́jẹ́ ní ìgbà 8 sí 10, wọn kò ní jù ú jìgìjìgì. Kò sì fẹ́ yìnyín. Mo ti rí ẹni tó tò ó sáàárín yìnyín nínú kúlà, tọkàntọkàn.

Ẹ má fa ẹ̀jẹ̀ láàárín ìgbà tí oògùn ń ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí DNA kókó á ti wálẹ̀. Kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn ló dára, tàbí nígbà tí àìsàn bá tún gbérí. Fún àgbàlagbà, àyípadà lè wà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ tí kò kan jẹjẹrẹ náà, kí wọ́n wá torí rẹ̀ fún un ní oògùn tí kò bá a mu. Ẹ bi láàbù bóyá wọ́n ń yẹ sẹ́ẹ̀lì funfun wò pẹ̀lú.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi dókítà: “Bí èsì yìí bá jáde, oògùn wo ni yóò yí padà, ṣé a sì lè rí i rà?” Bí kò bá sí, ẹ fi owó náà tọ́jú aláìsàn, ìbáà ṣe ní National Hospital níbí, ìbáà ṣe ní ABUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ahmadu Bello, ní Shika, Zaria.

Bí wọ́n bá sì ti gé kókó náà wò, ẹ béèrè fún blọ́ọ̀kù rẹ̀ (ègé ẹran ara tí wọ́n fi ìda bò) àti sláìdì rẹ̀ (gíláàsì tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò), nítorí wọ́n ṣì lè fi wá irú àyípadà kan náà lọ́jọ́ iwájú. Ẹ má gbé blọ́ọ̀kù síwájú ọkọ̀ nínú oòrùn. Ìda ara rẹ̀ lè yọ́.