Ẹ jẹ́ kí onígbàgbọ́ tuntun fúnra rẹ̀ sọ ohun tó kà
Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ onígbàgbọ́ tuntun, ẹ dín àlàyé kù. Ìhìnrere Máàkù ni kẹ́ ẹ mú, orí kan lọ́sẹ̀ kan. Orí mẹ́rìndínlógún péré ló ní. Kó kà á sókè, kó pa Bíbélì dé, kó wá fẹnu ara rẹ̀ ròyìn rẹ̀. Ibi tó bá fò tàbí tó sọ lódì ni kò tíì yé e, ibẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ ṣàlàyé. Kó tó lọ, kó dárúkọ ohun kan tó máa ṣe lọ́sẹ̀ náà. Ìyẹn lẹ ó kọ́kọ́ béèrè nípàdé tó kàn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó di kíláàsì lásán. Ọ̀nà yìí kò bá ọ̀pọ̀ èèyàn mu o: tí wọ́n bá ti ju mẹ́ta lọ, onítìjú á dákẹ́.