Ọ̀pọ̀lọ́ nínú àpótí gíláàsì: bí èmi ṣe ń sìn ín ní Òṣogbo

Ọjọ́ tí ìyá onílé wa kọ́kọ́ rí àpótí náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó fà sẹ́yìn. "Ìyá Ṣadé, kí lẹ fẹ́ fi ọ̀pọ̀lọ́ ṣe?" Mo ní, "Mò ń sìn ín ni, Mọ́mì." Ó wò mí títí, ó ní ṣé adìyẹ ti tán lọ́jà Ìgbọ̀nà ni.

Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń sin ọ̀pọ̀lọ́ ní Òkè-Bàálẹ̀. Iṣẹ́ wọn ò le, bí ẹ bá ti mọ ohun kan: ọ̀pọ̀lọ́ kì í fi ẹnu mu omi. Awọ ara ló fi ń mu ún, pàápàá ti abẹ́ ikùn àti itan. Ẹ gbé omi sílẹ̀ fún un nínú àwo pẹrẹsẹ, ẹ ó rí i tí yóò wọ inú rẹ̀, tí yóò tẹ́ ikùn sílẹ̀ pẹlẹbẹ bí ẹni tó fẹ́ sùn. Ó ń mumi nìyẹn. Ohunkóhun tó bá kan ara rẹ̀, ẹ gbà pé ó ti mu ún.

Èwo lẹ máa mú? Ẹ mú ọ̀pọ̀lọ́ ilé yìí náà, oníkókó lára, tó máa ń jókòó sábẹ́ iná títì dúró de kòkòrò bí òjò bá ti dá. Ara rẹ̀ le ju ti àkèré lọ, ojú rẹ̀ sì tètè máa ń mọ́ èèyàn. Àwọn àkèré wẹ́wẹ́ tó ń gun koríko létí àbàtà rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ yín kọ́kọ́ mọ́ iṣẹ́ yìí ná. Kọ̀ǹkọ̀ ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀. Ó lè gbé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mì, ẹran ọbẹ̀ ló sì jẹ́ lójú àwọn kan nínú ilé wa. Ti ọ̀pọ̀lọ́, ọkàn mi balẹ̀. Ṣebí níṣojú ẹlẹ́gùúsí náà ló ṣe ń yan fanda. Ẹ má ṣáà lọ mú ohunkóhun nínú Igbó Ọ̀ṣun. Ọdún 2005 ni UNESCO kọ orúkọ igbó náà mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, ṣùgbọ́n tipẹ́tipẹ́ la ti mọ̀ pé wọn kì í dọdẹ níbẹ̀, wọn kì í sì í pẹja.

Àwọn tó ń ṣe fèrèsé gíláàsì ló bá mi gé àpótí tèmi: ẹsẹ̀ bàtà 2 ní gígùn, 1½ ní fífẹ̀, 1½ ní gíga. Ọ̀pọ̀lọ́ méjì ló gbà. Ẹ jẹ́ kí gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí òórùn rẹ̀ lọ pátápátá. Wáyà ni mo kọ́kọ́ fi ṣe ìdérí, àṣìṣe ni. Òru ni ọ̀pọ̀lọ́ ń rìn. Ó ń fò, ó ń fi imú gbo wáyà títí imú rẹ̀ fi bó. Mo wá rán nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, mo fi rọ́bà sí etí rẹ̀ bíi ti bẹẹdiṣíìtì, mo sì gbé igi méjì lé e lórí nítorí ológbò.

Òkúta wẹ́wẹ́ ló wà nísàlẹ̀, bí ínṣì 1, kí omi lè rí ibi sàn sí. Èédú díẹ̀ lé e, nítorí òórùn. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ tó nípọn tó ínṣì 3 tàbí 4, nítorí ó fẹ́ràn láti máa rì sínú ilẹ̀, ẹ̀yìn ló sì fi ń wọlé, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló fi ń gbẹ́ ẹ. Abẹ́ igi máńgòrò ni mo ti bu ilẹ̀ tèmi. Ẹ má bù ú lóko tí wọ́n ti fọ́n ajílẹ̀ tàbí oògùn koríko. Fún ilé, àpáàdì ìkòkò kan tó fẹ̀ ti tó.

Omi òjò ni mo fẹ́ràn jù, tí kì í bá í ṣe èyí tó kọ́kọ́ fọ páànù. Bí ẹ̀rọ bá ni tiyín, tó ń rùn bí oògùn omi, ẹ pọn ọ́n sínú báàsìn, ẹ má dé e, kó di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó lò ó. Kó má jìn ju apá rẹ̀ lọ o, ọ̀pọ̀lọ́ lè kú sómi. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, torí ibẹ̀ náà ló ń yàgbẹ́ sí.

Oúnjẹ: ìrẹ̀, tata, ekòló, èsúnsún lásìkò òjò. Kò ní jẹ ohun tí kò bá mira, kẹ́ ẹ má wulẹ̀ da ìrẹsì síwájú rẹ̀. Kí kòkòrò má fẹ̀ ju àárín ojú rẹ̀ méjèèjì lọ. Mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ti tó àgbà ọ̀pọ̀lọ́. Mo máa ń lọ èèpo ẹyin gbígbẹ kúnná, máa gbọn ìrẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn nínú ọ̀rá, nítorí eegun rẹ̀. Ẹ wojú rẹ̀ dáadáa bó bá ń gbé e mì: ẹyinjú méjèèjì á rì wọnú orí. Ojú náà ló fi ń ti oúnjẹ sọ́fun.

Ẹ má fún un ní aáyán ilé tí wọ́n ń fín oògùn sí. Lọ́dún kejì, ẹ̀fọn pọ̀, mo fín oògùn sí yàrá, mo tilẹ̀kùn, mo bọ́ síta bí a ṣe máa ń ṣe. Mi ò rántí gbé àpótí jáde. Ilẹ̀ mọ́, àwọn méjèèjì ti na ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀bi tèmi ni. Àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí, lẹ́yìn wọn ni mo mú wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e, ẹ fi omi lásán ṣan ọwọ́, kí ọwọ́ tutù, kó má sí ọṣẹ tàbí ìpara níbẹ̀. Ó lè tọ̀ sí yín lára. Ẹ fara dà á. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó fi kan ojú tàbí ẹnu, torí oje funfun tó wà lẹ́yìn ojú rẹ̀ olóró ni.

Ọyẹ́ ló ń dà mí láàmú jù. Láti Oṣù Kejìlá, ilẹ̀ inú àpótí á gbẹ kílẹ̀ tó ṣú. Ìgò tí mo fi ń wọ́n omi sáṣọ kí n tó lọ̀ ọ́ ni mo ń lò, àmọ́ mo ra tiwọn lọ́tọ̀, nítorí sítáàṣì. Mo ń wọ́n ọn láàárọ̀ àti lálẹ́, mo ń fi aṣọ tútù bo ìdajì nẹ́ẹ̀tì, mo sì gbé wọn kúrò níwájú fáànù.

Bí ẹ bá wá rí i lọ́jọ́ kan tó ká ẹ̀yìn kò, tó ń ya ẹnu, tó ń fi ọwọ́ fa nǹkan bí ọ̀rá tín-ín-rín láti ara bọ ẹnu, ẹ má pariwo. Kò ṣàìsàn. Ó ń bọ́ awọ ni, ó sì ń jẹ ẹ́.