Bí a ṣe ń tún ojú bébì bọ̀sìkọ́nà kùn, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀

Àwọn bébì Barbie àti Monster High tó máa ń wà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀lì bọ̀sìkọ́nà yẹn, tí ojú kan ti parẹ́, tí ètè ti bó, tí ọmọ kan lókè òkun ti fi bírò ya irùngbọ̀n sí i lágbọ̀n, ẹ má kà wọ́n sí pàǹtí o. Ojú yẹn ṣeé nù kúrò pátápátá kẹ́ ẹ wá ya òmíràn sí i, ó sì lè jọ ojú èèyàn ju èyí tí wọ́n fi gbé e jáde lọ. Àwọn kan tiẹ̀ ti sọ ọ́ di iṣẹ́. Sonia Singh, tó ń gbé ní Tasmania lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, bébì Bratz àlòkù ló ń rà, ó ń nu mékọ́ọ̀pù ojú wọn kúrò, ó wá ń ya ojú ọmọdé lásán sí wọn, 2015 ni òkìkí ẹ̀ kàn káàkiri.

Ká tó wọnú ẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ èyí: ẹni tó mọ àwòrán yà gan-an lè ba iṣẹ́ yìí jẹ́, ẹni tí ò mọ̀ ọ́n yà sì lè ṣe é kó dáa, ìmúrasílẹ̀ ló fa ìyàtọ̀. Tẹ́ ẹ ò bá nu ojú yẹn mọ́, tẹ́ ẹ ò bá fi fánísì tẹ́ abẹ́ ẹ̀, ọ̀dà náà ò ní dúró, ẹ fi àlàáfíà sílẹ̀ lẹ ń wá wàhálà.

Bébì wo lẹ máa lò? Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ wò. Tó bá rọ̀, tó wọlé díẹ̀ tó sì padà síta, fáínìlì, ìyẹn ike rírọ̀, nìyẹn, òun la fẹ́. Tó bá le gbagidi bíi ti bébì Blythe, tàbí tó jẹ́ resin, ìyẹn ike líle kan, bíi bébì Super Dollfie tí ilé iṣẹ́ Volks ti ń ṣe láti 1999, ẹ gbé e sílẹ̀ ná, asitóònù, ìyẹn oògùn ìnu-ọ̀dà-èékánná tá a máa fi nu ojú, máa bà á jẹ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀. Èmi á ní kẹ́ ẹ fi Monster High bẹ̀rẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ Mattel bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 2010, torí ìpéǹpéjú ẹ̀ àti ètè ẹ̀ ga lójú ẹ̀ fúnra ẹ̀, tẹ́ ẹ bá nu ọ̀dà kúrò ẹ ó ṣì máa rí ibi tí kálukú wọn wà, nígbà tí ojú Barbie tẹ́jú lọ rẹrẹ tí gbogbo ẹ̀ á wá kù sọ́wọ́ yín.

Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa náà. Bí ẹni tó ń tà á bá fi 1966 tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn Barbie hàn yín, tó ní "àǹtí, èyí ti pẹ́ láyé o, owó gọbọi ni," ẹ rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ máa ná an lọ. Ọdún tó jẹ́ ti mọ́ọ̀dù ara yẹn nìyẹn, wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn àwọn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ògbólógbòó lẹ rí lóòótọ́, bíi Christie, bébì dúdú ọ̀rẹ́ Barbie, tó kọ́kọ́ jáde ní 1968, tàbí Barbie dúdú ti 1980, tí ojú ẹ̀ ṣì pé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fọwọ́ kàn án. Àwọn tó ń kó bébì jọ, ojú tó bá a ti ilé iṣẹ́ wá ni wọ́n ń sanwó fún, bẹ́ ẹ bá ti kùn ún, owó ẹ̀ ti wọlẹ̀ nìyẹn. Ẹ ra méjì tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, kí ọ̀kan jẹ́ ti ìdánrawò.

Ó délé. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti Morning Fresh fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ igun imú àti etí. Orí ẹ̀ máa ní láti yọ, ìdí ni pé ara bébì le ju orí lọ, ike tó le lọ̀pọ̀ ẹ̀, asitóònù tó bá kán sí i máa jẹ ẹ́. Ẹ ki orí yẹn bọ omi gbígbóná díẹ̀ títí á fi rọ̀, ẹ wá máa yí i díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń fà á sókè, ẹ má fi tipátipá ṣe é, igi ọrùn Monster High lè ṣẹ́ sínú, ó sì máa ń ṣẹ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi ọ̀rá we irun ẹ̀, kẹ́ ẹ fi rọ́bà dè é mọ́lẹ̀ níbi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ gan-an.

Asitóònù tí kò ní àbùlà lẹ fẹ́, èyí tí àwọn tó ń fi èékánná fún èèyàn ń lò, ẹ lè rà á lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹrù nail. Èyí tí wọ́n fi òróró àti tùràrí bọ́ yẹn kò dáa, ó máa ń fi nǹkan sílẹ̀ lójú bébì. Ẹ ṣílẹ̀kùn ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má sì ṣe é nítòsí gáàsì tàbí àbẹ́là torí iná máa ń fò mọ́ ọn. Ẹ rẹ kọ́tìn-bọ́ọ̀dù, ètè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ nù, ẹ máa nù ún lọ sí àárín, ẹ má jẹ́ kó tàn ká ẹ̀rẹ̀kẹ́, torí ọ̀dà pupa máa ń wọ inú fáínìlì tí kò sì ní jáde mọ́. Kọ́tìn-bọ́ọ̀dù tó bá ti pupa, ẹ jù ú nù, ẹ mú òmíràn. Ojú ọ̀tún, tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ojú òsì, tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìpéǹpéjú náà bẹ́ẹ̀. Ẹ má rì orí yẹn sínú asitóònù o, ó máa sún kì, á kéré sí ara ẹ̀. Tó bá ti mọ́, ẹ tún fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ dòru kó gbẹ tinútòde.

Bírò ńkọ́? Asitóònù kì í sábà lè gbé e tán. Ìpara rorẹ́ tó ní benzoyl peroxide nínú ló ń ṣe é, ẹ bi wọ́n ní ilé ìtajà oògùn, ẹ fi kùn ojú ibẹ̀ nìkan, ẹ fi ọ̀rá bò ó, ẹ gbé e sóòrùn kẹ́ ẹ máa wò ó lójoojúmọ́. Tí bébì yẹn bá dúdú, ẹ ṣọ́ra gidi, torí ó lè bó àwọ̀ ibẹ̀ pẹ̀lú bírò náà, àpá tó kù níbẹ̀ á wá yàtọ̀.

Fánísì tó kàn báyìí ni wàhálà owó wà. Èyí tí gbogbo àwọn tó mọṣẹ́ ń yìn ni Mr. Super Clear láti Japan, síprè ni, èyí tí wọ́n kọ matte sí lára, kì í dán, ó sì máa ń sọ ojú bébì di háráhárá díẹ̀ tí pẹ́ńsù á fi lè mú. Láìsí háráhárá yẹn, pẹ́ńsù máa yọ̀ lórí fáínìlì ni, ẹ ó kàn máa fà á lásán. Ó ṣòro gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú torí agolo síprè ni, ìyẹn ló ń mú kó wọ́n lọ́dọ̀ tiwa. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ gbé orí yẹn síta, ẹ fi igi gún un nídìí ọrùn kẹ́ ẹ lè máa yí i, ẹ fi bí ìwọ̀n rúlà kan jìnnà sí i, ẹ fọ́n ọn fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ kẹ́ ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú 30 kó gbẹ, ẹ tún fọ́n ọn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tó. Ẹ má fọ́n ọn nígbà tí òjò bá ṣú tàbí tí afẹ́fẹ́ bá rin, á gbẹ tán á funfun bọ̀rọ̀, ẹ ó sì ní láti nù ún kúrò. Àwa tá a wà ní Èkó, láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹwàá ẹ máa fojú sọ́ ojú ọjọ́. Ìgbà ọyẹ́ ló dáa jù.

Ìbòmú tẹ́ ẹ máa wọ̀ tẹ́ ẹ bá ń fọ́n síprè yẹn ńkọ́? Èyí tá a lò nígbà kòrónà kò dá nǹkan kan dúró níbí. Èyí tí àwọn tó ń fín ọkọ̀ ń wọ̀, tó ní fílítà roboto méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, òun ni kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ rí i pé fílítà yẹn jẹ́ ti kẹ́míkà, kì í ṣe ti eruku nìkan. Aláboyún, ẹ má sún mọ́ síprè yẹn rárá, ẹ lo fánísì tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn. Fánísì Liquitex tí wọ́n kọ matte sí, omi ni wọ́n fi pò ó, ẹ lè fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kò mú pẹ́ńsù tó síprè yẹn ṣá, àmọ́ ó tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́ ni pé ẹ lo síprè ọkọ̀ tàbí ti irun. Ti ọkọ̀ kì í gbẹ délẹ̀ lórí fáínìlì, lẹ́yìn oṣù mélòó kan ojú bébì yẹn á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, gbogbo eruku ilé á wá ṣù mọ́ ọn. Ti irun á máa lẹ̀, á tún pọ́n.

Ó wá ku àwọ̀. Pastel gbígbẹ tó dà bíi ṣọ́ọ̀kì ni, ẹ má ra olóròóró. Ẹ fi bíléèdì ha á sórí bébà kó di ẹ̀tù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ bù ú díẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ wá máa fi ra ojú náà: ìpéǹpéjú lókè, abẹ́ ojú, ẹ̀gbẹ́ imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́, abẹ́ ètè. Níbí làwọn fídíò ìlú òyìnbó ti ń ṣi àwọn èèyàn wa lọ́nà. Bébì funfun ni wọ́n ń kùn, píǹkì fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ń fi funfun lu gbogbo ẹ̀. Ẹ gbé ìyẹn sójú bébì dúdú kẹ́ ẹ wò ó, ojú ẹ̀ á hàn hàùhàù bí ẹni tó wẹ̀ lọ́yẹ́ tí ò pa ìpara. Ẹ lo pupa bí osùn, wáìnì, ṣokoléètì, àti àwọ̀ ọsàn tó ti pọ́n gan-an fún ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ibi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó mọ́lẹ̀, kàkà kẹ́ ẹ fi funfun síbẹ̀, ẹ fi àwọ̀ ara ẹ̀ gan-an tó mọ́lẹ̀ díẹ̀. Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fọ́n fánísì lé e kó má bàa parẹ́ mọ́ ìka. Gbogbo ìpele ló máa ń gba fánísì tiẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣeé ṣe láti fi kọ́tìn-bọ́ọ̀dù tútù nu àṣìṣe òkè láìba tìsàlẹ̀ jẹ́.

Ojú ló ń gba àkókò jù. Pẹ́ńsù wọ́tàkọ́lọ̀ ni kẹ́ ẹ fi ya á, tó bá wọ́, omi díẹ̀ á gbé e kúrò. Ẹ kọ́kọ́ fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan láti àárín iwájú orí wá sí àgbọ̀n, ẹ tún fa ìkejì tó dábùú ibi tí igun ojú méjèèjì á wà. Ẹ má ya ojú kan parí kẹ́ ẹ tó bọ́ sí ìkejì, ẹ jọ máa gbé méjèèjì lọ: òkè ọ̀tún, òkè òsì, ìsàlẹ̀ ọ̀tún, ìsàlẹ̀ òsì. Tẹ́ ẹ bá dé ibì kan, ẹ fi fóònù yà á ní fọ́tò kẹ́ ẹ yí fọ́tò náà padà bíi ti inú dígí, ojú tó ga ju èkejì lọ á kàn hàn síta ni, òun gan-an lẹ ò rí láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń wò ó. Ẹyinjú ńkọ́, ẹ jẹ́ kí ìpéǹpéjú òkè bo orí ẹ̀ díẹ̀. Tí gbogbo róbótó ẹ̀ bá hàn, bébì yẹn á máa wò bí ẹni tí wọ́n lé mú ni.

Ọ̀dà acrylic, èyí tí wọ́n ń fi omi pò, lẹ máa fi kùn ún, kẹ́ ẹ fi omi là á dáadáa, ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹ́ta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dáa ju ẹ̀ẹ̀kan tó ki lọ torí èyí tó bá ki máa fi ojú búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù tẹ́ ẹ bá rí, tí ẹnu ẹ̀ ṣì so pọ̀. Funfun ojú kò gbọdọ̀ funfun jù, ẹ kán búráwùn díẹ̀ sí i. Ìlà tírò lókè ojú, búráwùn tó ti ń lọ sí dúdú ni kẹ́ ẹ lò, dúdú gidi kàn wà fún ọmọlójú àti ìdí ìpéǹpéjú nìkan. Tó bá kù díẹ̀, ẹ fi funfun tó mọ́ kán tótó kan sí ojú kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni kí méjèèjì wà, tí ti ọ̀tún bá wà lápá òsì lókè, ti òsì náà lápá òsì lókè. Tótó yẹn ló ń jẹ́ kó dà bíi pé ó ń rí yín.

Ètè kì í le. Ẹ fi àwọ̀ tó ṣú sí àárín níbi tí òkè àti ìsàlẹ̀ ti pàdé, kí ìyókù máa mọ́lẹ̀ lọ síta, ẹ fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́rẹ́ sára ẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀. Irun ìpéǹpéjú òkè ojú ni kẹ́ ẹ máa fà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi ìlà gbọọrọ kan ṣe é bíi ti àwọn tó fi pẹ́ńsù ya tiwọn lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá wù lè fi pẹ́lẹ́ mẹ́ta mẹ́ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, àwọ̀ tó ṣú ju ara ẹ̀ lọ díẹ̀ ni, kẹ́ ẹ fa etí ẹ̀ kan pẹ̀lú èyí tó mọ́lẹ̀ kó lè jọ ojú ọgbẹ́ tó ti jinná, èmi ti rí i lára bébì ẹnìkan, ó rẹwà kọjá sísọ.

Tó bá ti tán, ẹ fọ́n fánísì ìkẹyìn, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ wá fi fánísì tó ń dán kán ojú àti ètè nìkan. Ìyẹn náà ń fẹ́ òru kan kó tó gbẹ. Ẹ má fi omi gbígbóná dá orí padà mọ́ ara, ẹ fi ẹ̀rọ ìgbẹrun fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí ìsàlẹ̀ ọrùn nìkan kí ihò ẹ̀ rọ̀. Ẹ má gbé e fún ọmọdé láti fi ṣeré o, ọ̀dà yẹn kì í ṣe fún ìjàkadì, àti pé ẹnu ni wọ́n máa ń fi nǹkan sí.