Bí a ṣe ń ya sẹ́ńtíríólù, láti orí ẹyọ méjì dé orí mẹ́rin

Sẹ́ńtíríólù ni ọ̀pá kéékèèké tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹranko. Ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé tó bá ń ya bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i máa ń fa ìlà sí ọ̀pá náà láàárín, bíi pé ó ń là sí méjì bí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ṣe ń là. Kì í là. Èyí tó ti wà á dúró síbi tó wà, wọ́n á wá kọ́ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ mú pẹ́ńsù, rọ́bà àti bébà tí kò nílà.

Ẹ kọ́kọ́ ya sẹ́ẹ̀lì ẹranko kan. Ẹ fi núkílíọ̀sì sínú rẹ̀, kí ẹ sì ya ọ̀pá kúkúrú méjì sí ẹ̀gbẹ́ núkílíọ̀sì náà. Ìwé máa ń tò wọ́n bíi lẹ́tà L nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n ní ìpele yìí wọ́n ti tú kúrò lára ara wọn, nítorí náà ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n súnmọ́ra. Èyí tó dàgbà ni ìyá, èkejì ni ọmọ. Ẹ ya ẹ̀ka kéékèèké yí orí ìyá ká, torí ọmọ kò tíì ní irú rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù kun àyíká wọn díẹ̀: àwọn púrótéènì tó rọ̀gbà yí wọn ká nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ là ń pè ní sẹ́ńtírósómù.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe bí ẹni gé ọ̀pá kan ní ìdábùú, kí ẹ ya ojú ibi tí ẹ gé. Èmi fẹ́ràn ibí yìí jù. Ìdì mẹ́sàn-án ló tò yípo, páìpù mẹ́ta-mẹ́ta sì lẹ̀ pọ̀ nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Máíkírótúbù ni páìpù wọ̀nyí. Èyí tó wà nínú jù lọ, A, pé yípo. B fara ti A, C fara ti B, àwọn méjèèjì kò sì pé yípo fúnra wọn. Kí gbogbo ìdì dagun sí apá kan náà. Ẹ má fi páìpù kankan sí àárín gbùngbùn. Fífẹ̀ rẹ̀ tó bíi náńómítà 250, ìyẹn ni pé ẹ ó to nǹkan bí 4,000 kí ó tó gba mìlímítà kan.

Ó kan kíkọ́ tuntun. Èyí máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà DNA rẹ̀. Púrótéènì PLK4 á kọ́kọ́ yí ìdí ọ̀pá àtijọ́ ká, lẹ́yìn náà á kó jọ sójú kan ṣoṣo. Ẹ fi àmì tó-tó-tó kan sára ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, kí ó má ju ọ̀kan lọ! Bí PLK4 bá pọ̀ jù, ìyá kan á bí ọmọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, sẹ́ẹ̀lì tó ń pín á wá máa fa kírómósómù, ìyẹn àwọn tó gbé DNA rẹ̀, sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ní 1914, Theodor Boveri, onímọ̀ ará Jámánì, ti dábàá pé irú ìdàrú bẹ́ẹ̀ lè di jẹjẹrẹ.

Lórí àmì yẹn, púrótéènì SAS-6 á so pọ̀ di àgbá oníwáyà mẹ́sàn-án, bíi ti kẹ̀kẹ́. Ṣóńṣó wáyà kọ̀ọ̀kan ni ìdì páìpù kan ti ń dìde, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ mẹ́sàn-án. Ẹ má tẹ pẹ́ńsù mọ́ àgbá yìí o, torí nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ó máa ń pòórá nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń pín.

Ẹ mú ọmọ gùn díẹ̀díẹ̀. Nísinsìnyí ni kí ẹ ya lẹ́tà L: tuntun nà gbọọrọ kúrò lára èyí tó bí i. Ó ti di mẹ́rin: ọ̀pá àtijọ́ méjèèjì ti di ìyá, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀.

Fún pípín, ẹ gbé ìyá àti ọmọ kan lọ sí igun kan sẹ́ẹ̀lì, méjì yòókù sí igun kejì. Ẹ fa okùn láti igun méjèèjì lọ bá kírómósómù, ṣùgbọ́n inú ibi tí ẹ kùn ni kí okùn ti jáde, kì í ṣe inú ọ̀pá. Nígbà tí pípín bá ń parí, ẹnsáìmù séparéèsì á bá wọn tú ọmọ kúrò lára ìyá. Àìtíì tú yìí ni kò jẹ́ kí ìyá tètè tún bí òmíràn. Sẹ́ẹ̀lì tuntun kọ̀ọ̀kan á gba méjì.

Àwòrán kan ló kù, òun gan-an ni ìwé iléèwé sì máa ń fò. Ní 2006, àwọn onímọ̀ fi hàn pé eṣinṣin èso tí kò ní sẹ́ńtíríólù ṣì lè dàgbà, tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á máa pín, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kú lẹ́yìn tó bá jáde bí àgbà eṣinṣin, nítorí kò ní irun sẹ́ẹ̀lì tí à ń pè ní sílíà. Ìdí sílíà ni sẹ́ńtíríólù. Ẹ gbé ìyá lọ sí awọ sẹ́ẹ̀lì, kí ẹ̀ka orí rẹ̀ gún un, kí ẹ wá fa páìpù A àti B ìdì kọ̀ọ̀kan jáde sínú irun náà. C dúró sí ìsàlẹ̀. Bí irun náà bá jẹ́ ti ọ̀nà èémí, tó ń gbá ikun àti eruku sókè, ẹ fi páìpù méjì kún àárín rẹ̀.